Àwo Ìyá Mi àti Gẹ̀ẹ́sì Bàbá Mi

Kí n tó di àwo fún oníbàárà nínú ìsọ̀ mi ní ọjà Kúre, Minna, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi èékánná kàn án létí. Àwo tó pé a máa dún gooro. Èyí tó ti sán, bí ojú ò tilẹ̀ rí ibi tó ti sán, ohùn rẹ̀ a kú. Oníbàárà tó bá ń kánjú a ní, "Haba Hajiya, ya isa haka," pé ó tó gẹ́ẹ́, kí n jẹ́ kí òun máa lọ. N kì í dá wọn lóhùn. Bí wọ́n bá yọ mí lẹ́nu jù, mo máa ń ní kí wọ́n lọ ra rọ́bà. Ẹnu mi mú, mo mọ̀. Ọjà ló pọ́n ọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwo kì í ṣe eré lọ́dọ̀ mi, nítorí pé ilé bàbá mi ní àdúgbò Sójè ni mo ti kọ́ oríṣiríṣi ọ̀nà tí nǹkan ń gbà fọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ mi, àwo ìyá mi ni a sì fi kọ́ ọ.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti gbọ́njú tó láti gbé korobá omi lórí láì fọwọ́ dì í, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́njú tó láti mọ ohun tó ń lé obìnrin kúrò nílé ọkọ. Ìyá mi kó aṣọ díẹ̀ sínú báàgì, ó ní òun ń lọ kí àwọn èèyàn òun n'Ílọrin. Ọ̀sẹ̀ kan di oṣù kan, òjò dá, ọyẹ́ dé, kò padà. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé ìjà ni. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá ní ìdájí ọjọ́ tó lọ: "Ẹ ó fi gbogbo ọjọ́ bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ ní ilé ìwé, ẹ ó délé tán, ẹ ó yadi. Ọkọ ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ògiri." Mo tẹ́tí kí n gbọ́ ohun tí bàbá mi máa sọ. Kò sọ nǹkan kan. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, ní Maikunkele, alùpùpù ló ń gùn lọ láràárọ̀, gbogbo àdúgbò sì ń pè é ní Malam. Èmi ò tíì rí ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ níta tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń há a mọ́ni tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé.

Agbo ilé wa kì í dákẹ́. Láti ìdájí ni kẹ̀kẹ́ àwọn aláruwà tó ń ta omi á ti máa han kíí-kíí lójú ọ̀nà, tí kẹ́ẹ̀gì omi á máa lu ara wọn. Àwọn ọmọ kéwú á máa ké wàláà wọn nílé kejì. Odó á máa dún. Ọkọ̀ ojú irin á fọn fèrè láti ọ̀nà jíjìn. Ohùn Haúsá, ti Núpé, ti Gbàgyí, gbogbo rẹ̀ á dàpọ̀ mọ́ra. Yàrá tiwa méjì tó wà ní ìpẹ̀kun àgbàlá nìkan ni ó máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Mo máa ń bá àwọn ọmọ yòókù ṣeré, Haúsá mi já geere ju Yorùbá mi lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, ìyá kọ̀ọ̀kan á yọrí lẹ́nu ọ̀nà, á ké pé, "Hauwa, zo ki ci abinci!" Hauwa á sáré wọlé lọ jẹun. Wọ́n á pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi ku èmi nìkan lórí iyanrìn. Ojú a wá tì mí. Mo máa ń pariwo pé, "Mo ń bọ̀ o!" sí ìpè tí ẹnikẹ́ni ò pè, mo sì máa ń sáré wọlé bí ẹni tí wọ́n ti ń retí.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló wá ń tọ́jú wa. Ó dára sí mi, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Kókó àti àkàrà láàárọ̀, tùwó àti ọbẹ̀ kúkà lálẹ́, òun nìkan ló sì ń pè mí ní oríkì mi, Àbẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti ń wúwo, ó sì máa ń sùn lórí ìjókòó pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ rí mi tí mò ń sunkún, ó nawọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì tó wà ní pálọ̀. Àwo tánganran méjìlá ló wà níbẹ̀, àwo ìyàwó tí ìyá ìyá mi fi sin ìyá mi wá sílé ọkọ, òdòdó aró yí etí wọn ká, tí ẹnikẹ́ni kì í fi jẹun àfi àlejò pàtàkì. "Má wulẹ̀ da ara rẹ láàmú, Àbẹ̀kẹ́," ó ní. "Obìnrin tó bá ń lọ pátápátá, àwo rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dì. Ṣé àwo ìyá rẹ ṣì wà níbẹ̀? Ó ń bọ̀." Láti ọjọ́ náà, bí mo bá jí, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, kọ́bọ́ọ̀dù náà ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ife tíì bọ́ lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Bàbá mi ti kírun dé, ó jókòó, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀. Mo dúró, mò ń dúró de ẹgba. Ó gbé bírò pupa sílẹ̀, ó ní kí n kó gbogbo àfọ́kù náà wá, kí n tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn. Ó wá bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní, "It break." Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Wallahi, ẹ̀rín! N ò rí eyín bàbá mi láti ìgbà tí ìyá mi ti lọ. Ó ní kí n sọ ọ́ ní gbólóhùn kíkún: ẹni tó ṣe é, ohun tó ṣe, nǹkan tó ṣe é sí. "I broke the cup." Ó ní, "Good. Jókòó." Bó ṣe di òfin ilé wa nìyẹn: ẹni tó bá fọ́ nǹkan, tó sì jẹ́wọ́ rẹ̀ ní gbólóhùn kíkún, kò ní jẹ ẹgba, a ó ní kó jókòó ni. Mo jókòó. Ó mú àfọ́kù kan, ó fi hàn mí bí ìlà tín-ín-rín ṣe là á já láì tíì pín in, ó ní èyí ni "crack". Ó mú èyí tó fọ́ wẹ́wẹ́, ó ní bí dígí bá tú ká báyìí, "shatter" ni. Látibẹ̀ ó bọ́ sórí ife kan tí òun náà fọ́ ní kékeré n'Ílọrin, bí òun ṣe sá gun orí igi máńgòrò títí di àṣálẹ́. Títí wọ́n fi pe ìrun Àsárì ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé abọ́ tó kù nínú omi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún padà sí bó ṣe wà. "Ẹ káàbọ̀, Bàbá." "Hmm." Ó parí. Títí ọjọ́ kan tí táyà alùpùpù rẹ̀ bẹ́ lójú ọ̀nà Maikunkele, tó tì í délé nínú oòrùn, tí aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo gbé omi fún un. Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bi í pé kí ni Gẹ̀ẹ́sì táyà tó bẹ́. Ó wò mí. Ó ní "burst" ni, ohun tí nǹkan kún inú rẹ̀, tó ń tì í látinú, òun ló ń "burst": táyà, páìpù omi, bàlúùnù tí àwọn ọmọdé ń fẹ́ atẹ́gùn sí. Ó ní ìdí nìyẹn tí àwọn Òyìnbó fi ń sọ pé ènìyàn "burst into tears". Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹkún ti wà nínú èèyàn tẹ́lẹ̀ ni?" Ó mu omi rẹ̀ tán kó tó dáhùn. "Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́," ó ní. Ó wá dìde lọ wẹ̀.

Ìyá Àgbà ò rí ohun tó jọ ọ́ lójú nínú gbogbo rẹ̀. "Kí lẹ wá ń wá lọ sọ́dọ̀ Òyìnbó? Igi a máa dá, okùn a máa já, aṣọ a máa ya, ilé a máa wó, eéwo a máa tú. Kí ló kù tí a ò ní?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní òtítọ́ ni. Ó kọ́ mi ní "snap" lára pẹ́ńsùlù tó dá lójijì, ó kọ́ mi ní "split" lára igi ìdáná tó là. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í ní "smash" tí mo rí nínú ìwé kan, ó ní ìyẹn ò sí nílé tiwa. Ó ní ife mi kàn bọ́ ni. "Smash", ọwọ́ ènìyàn àti ìbínú rẹ̀ ló ń wà nídìí rẹ̀. Ó ní òun ò tíì gbé ọwọ́ sókè sí nǹkan kan rí nínú ilé yìí, bẹ́ẹ̀ ni òun sì fẹ́ kú, bí Ọlọ́run bá fẹ́.

Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà. Nǹkan ò lè máa já lulẹ̀ fúnra rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Mo kọ́kọ́ fọ́ gíláàsì àtùpà, mo fọ́ ife tó kù, mo fọ́ ìgò òróró. Nígbà tí kò sí ohun tó lè fọ́ mọ́ nínú ilé ìdáná, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo mọ ohun tí Ìyá Àgbà sọ nípa àwo yẹn, mi ò gbàgbé. Mo sọ fún ara mi pé mọ́kànlá ṣì kù, mọ́kànlá tó láti mú ìyá wálé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ní mẹ́wàá náà tó. Mo ti mọ̀ ọ́n ṣe: tí mo bá jẹ́ kó bọ́ sórí ẹní, á kàn sán ni, tí ó bá jẹ́ sìmẹ́ńtì, á tú ká, ẹ̀kọ́ á sì pẹ́. Mò ń ná ìyá mi kí n lè fi ra bàbá mi. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà gan-an, bí ọmọdé ṣe ń mọ nǹkan láì lè pè é lórúkọ. "Àbẹ̀kẹ́, ọwọ́ rẹ yìí, ṣé epo ni wọ́n fi pa á ni?" Ìyá Àgbà á ní. Bàbá mi á tẹ́ ìwé ìròyìn, á ní kí n jókòó. Nígbà tí ìkẹfà fọ́, ó wo àfọ́kù náà pẹ́, ó wo ojú mi. "Ràfátù," ó ní, "ó tó." Ó ti kọ́bọ́ọ̀dù náà, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sápò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó sì gbé mi sórí itan, bẹ́ẹ̀ mo ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń gbé sórí itan lọ.

N ò mọ̀ pé àwọn àgbà ti ń bẹ ìyá mi n'Ílọrin ní gbogbo àkókò yẹn. Ọ̀sán Sátidé kan ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, "Sannunku o!" tó ń kí àwọn ará ilé. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló wá. Mo dì mọ́ ọn ní itan, ó ń run ọṣẹ àti wàrà tó gbé wá fún Ìyá Àgbà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé báàgì rẹ̀ wọ yàrá, ó sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá ibùsùn, mo sì rí bí bàbá mi ṣe fi ojú tẹ̀lé báàgì náà títí tó fi kan ilẹ̀. Ìyá mi kí i pé, "Ẹ kú ilé." Bàbá mi dáhùn. Ó tiẹ̀ bi í bí ọ̀nà ṣe rí, ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀, ẹni tó bá wọn gbẹ́rù. Mo ń kà á, ìbéèrè mẹ́ta! Ìyá mi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì mi orí pé ó dára. Ó wá ní kí òun bu oúnjẹ fún ẹ̀gbọ́n òun nínú àwo tó mọ́, kí wọ́n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù.

Ó ṣí i. Ó dúró níbẹ̀, ó kẹ́yìn sí wa. "Àwo mi dà?"

Ó yíjú padà. "Mẹ́fà ni mo rí. Mo ní, àwo tí ìyá mi fún mi dà?" Mo la ẹnu. Gbólóhùn náà wà níbẹ̀, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Yorùbá, ní Haúsá, mo ti sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láì ta kókó. Ṣùgbọ́n ìyá mi ń wò mí, ojú rẹ̀ ti ń yí padà, ẹ̀rù sì bà mí pé bó bá mọ̀ pé èmi ni, kò ní fẹ́ràn mi mọ́, á tún lọ. Bàbá mi rí ẹnu mi. Ó dìde dúró. "Èmi ni," ó ní. "Inú ló bí mi nígbà tó o lọ. Mo là wọ́n mọ́lẹ̀."

Ìyá mi ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó ní, "Mo rò pé ẹ ò ní ẹnu ni. Àṣé ọwọ́ ni ẹ fi ń sọ tiyín." Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pátẹ́wọ́, ó ní, "Subhanallah! Lónìí àwo, lọ́la orí." Ìyá mi tẹ́ ìró rẹ̀ kan sílẹ̀, ó to àwo mẹ́fà tó kù, ó ń fi aṣọ sáàárín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dì wọ́n. Ìyá Àgbà ti fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá mi gbé ọwọ́ sókè, ó sì dákẹ́. Gbogbo àkókò tí ó fi ń di ẹrù yẹn, mo ní ààyè láti sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́. Ó fi ẹnu kò mí lórí, ó ní kí n máa ṣe ọmọ dáadáa, ó gbé báàgì rẹ̀ tí kò tíì tú, ó jáde. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ìyá Àgbà na ọwọ́ fà mí mọ́ra, ó ní, "Omi ló dànù, Àbẹ̀kẹ́, agbè ò fọ́." Èmi tí mo fọ́ agbè náà wà nínú apá rẹ̀, mo dákẹ́.

Ẹ̀kọ́ parí nílé wa láti ọjọ́ náà. Bàbá mi lọ sí ọjà, ó ra àwo rọ́bà àti ife páànù, ohun tó bá bọ́ lulẹ̀ a kàn dún pó ni. Ìyá mi fẹ́ oníṣòwò kan n'Ílọrin. Mo máa ń lọ kí i ní ọlidé, ó ń tọ́jú mi, ṣùgbọ́n bí mo bá dárúkọ bàbá mi, ẹnu rẹ̀ a ká jọ. Bàbá mi ò fẹ́ ẹlòmíràn. Àwọn ẹbí rẹ̀ fi obìnrin lọ̀ ọ́ títí ó fi sú wọn. Ìyá Àgbà kú, èmi náà lọ sílé ọkọ, mo bímọ, mo padà wá tajà ní Minna, àwo ni mo sì yàn láti tà. Àwọn ènìyàn ń bi mí pé kí ló dé, pé aṣọ lérè lórí jù. Mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbájú mọ́ tiwọn. Ọkọ ìyá mi náà ti kú báyìí. Òun ń dá gbé n'Ílọrin, bàbá mi ń dá gbé ní Sójè, èmi ni mo ń lọ láàárín àwọn méjèèjì pẹ̀lú ẹnu tí mo dì láti kékeré.

Oṣù tó kọjá ni mo gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi lọ́jọ́ Jímọ̀ kan. Mò ń kánjú, n ò wo ohun tí mo bu oúnjẹ sí, àwo tánganran láti ìsọ̀ mi ni. Ọwọ́ bàbá mi ti ń gbọ̀n láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbà á, ó bọ́, ó fọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Àwa méjèèjì ń wò ó. Ó gbé ojú sókè, ó sì ní ní Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kíkún, "I broke the plate." N ò mọ ohun tó gbé e sí mi lẹ́nu. Mo ní, "Good. Ẹ jókòó." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Nígbà tó dákẹ́, ó ń wò mí síbẹ̀. "Ó ku tìẹ, Ràfátù."

Mo sọ ọ́. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, ohùn mi sì kéré bíi ti ọmọ iléèwé. "I broke my mother's plates."

"Good," ó ní.

Mo bú sẹ́kún. Mo bi í bóyá ó mọ̀ nígbà náà pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ń fọ́ wọn ni. Ó ní láti orí ìkejì ni òun ti mọ̀, ta ni àwo ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ nìkan? Inú bí mi. "Kí ló wá dé tí ẹ ò dá mi dúró, Bàbá? Ẹ jẹ́ kí n fọ́ mẹ́fà!" Ó wo àfọ́kù tó wà nílẹ̀. "Èmi náà ò rí ẹni bá sọ̀rọ̀," ó ní. "Mo ń retí ọjọ́ Jímọ̀ jù ọ́ lọ." Ó fi ẹsẹ̀ ti àfọ́kù kan kúrò lọ́nà kí n má baà tẹ̀ ẹ́. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ló yẹ kó o sọ ọ́ fún."

Mo yọ fóònù mi. Ó dún pẹ́ kí ìyá mi tó gbé e. "Ràfátù? Ṣé kò sí nǹkan o?" Mo ní kò sí. Mo wá sọ ọ́ fún un ní Yorùbá, ẹni tó ṣe é, ohun tó ṣe, nǹkan tó ṣe é sí, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Mo ní Bàbá ò fọwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, mo ń gbọ́ adìyẹ kan tó ń ké ní àgbàlá rẹ̀ n'Ílọrin. Mo rò pé ó ti pa fóònù. Mo ní, "Màmá?"

"Gbé fóònù náà fún bàbá ẹ," ó ní.

Mo nà án sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n jù, kò lè dì í mú, mo bá a gbé e sí etí.